Egamberdi, Ẹni Tí Páìpù Nà

Ọ̀rọ̀ àgbò Turdimat ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Egamberdi, nítorí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe Iléyá ní Margilon, ìlú wa, ni páìpù omi ilé alájà mẹ́rin wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Yóò lù gbà, gbà, yóò dákẹ́, yóò tún wá máa ha gìrì-gìrì bí ẹni ń fi ọbẹ ha ìdí ìkòkò. Páìpù kan ṣoṣo ló ti inú táǹkì orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀, tó gba ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ariwo náà, kò sì sí ẹni tí kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Egamberdi ni púlọ́mbà wa. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé. Ó dé fìlà onígun mẹ́rin rẹ̀, ó mú abọ́ tíì kan lọ́wọ́, ó jáde sí wa lórí àtẹ̀gùn. Ó dojú abọ́ náà dé páìpù, ó fi etí lé ìdí rẹ̀, ó di ojú.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. Gbogbo wa dákẹ́. "Àjà kẹta ni. Nǹkan kan ń fi ara ha páìpù níbẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn."

Turdimat, tó ń gbé àjà kẹta, ta kìjí. "Bàbá Egamberdi, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ o! Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà nílé."

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní."

"Ìyàwó mi ní ẹsẹ̀ méjì, èmi náà ní méjì. Ẹ rò ó pọ̀, kí ló jẹ́?"

"Ó dáa. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló wá ní ìwo?" Egamberdi tún fi etí lé abọ́. "Ìwo tọ̀tún ti ṣẹ́ lórí. Àgbò ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjì."

A gòkè lọ. Turdimat na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, ó ní ìyàwó òun ń wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn wa lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó. Inú ilé ni ohùn kan ti wá dá a lóhùn pé "mbẹ̀ẹ̀ẹ̀." Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, àgbò kan dúró nínú ọpọ́n ìwẹ̀, wọ́n so ó mọ́ páìpù, ó ń fi orí yun ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìwo tọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ẹnu ya gbogbo wa. Oyniso nìkan, ìyàwó Egamberdi, ni ẹnu kò yà. Ó ní òun àti ọkọ òun ni wọ́n pàdé àgbò náà lórí àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́ àná, àti pé ọkọ òun gan-an ló bá Turdimat ti ìdí rẹ̀ gòkè. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Bí Egamberdi ṣe rí nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mímọ̀ nìkan kò tó o, ó fẹ́ kí ó jọ iṣẹ́ ìyanu. Bí o bá pè é pé páìpù ń pariwo nílé rẹ, kò ní fọwọ́ kan sípánà kí ó tó mu abọ́ tíì mẹ́ta. Yóò jókòó sórí àga kékeré nílé ìdáná, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò máa mu tíì bí ẹni tó wá kí ọmọ tuntun.

Obìnrin kan pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. "Bàbá, omi ti dé kókósẹ̀ mi!"

"Mo rí i."

"Ẹ wá dìde nígbà náà!"

"Ọmọ mi, ariwo lẹ pè mí sí. Ẹ kò sọ̀rọ̀ omi nígbà tí ẹ ń pè mí." Ó na abọ́ rẹ̀ sí i. "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ bù sí i."

Tíì náà kì í ṣe àṣejù lásán o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣejù wà nínú rẹ̀. Láàárín abọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé tó wà lórí páìpù yóò ti ṣí omi, wọn yóò ti ti omi, ariwo náà yóò sì ti sọ tẹnu rẹ̀. Bí páìpù bá ń súfèé, rọ́bà inú ẹ̀rọ omi ló ti jẹ. Bí ó bá ń wúkọ́, afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀ nígbà tí omi kò wá. Bí ó bá lu gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnì kan ló ti omi pẹ̀lú agídí, irin tó yẹ kó di páìpù mú mọ́ ògiri sì ti tú. Ohun tó jẹ́ kí a máa bẹ̀rù rẹ̀ ni pé kò mọ̀ ọ́n dé orí páìpù nìkan. Bí ó bá gbọ́ gbà kan báyìí, á ní, "Àjà kejì. Wọ́n ti ń jà láti àárọ̀. Obìnrin náà ló jàre." Ọkọ àjà kejì kò kí i fún odidi oṣù kan. Ìyàwó sì gbé àwo ìrẹsì wá fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni Egamberdi kì í sọ. Kì í sọ pé òun kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ láàárín wa, a kò gbọ́ ọ rí. A gbìyànjú gan-an. Turdimat bi í pé ìràwọ̀ mélòó ló wà lójú ọ̀run. Ó wò ó tàánú-tàánú, ó ní, "Ìwọ tí o kò lè fi àgbò kan ṣoṣo pamọ́, kí lo fẹ́ fi ìràwọ̀ ṣe?" Àwọn ọmọ ilé ìwé bi í pé kí ni olú ìlú orílẹ̀-èdè kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé. Ó ní òun kì í sọ̀rọ̀ ìlú onílùú. Orúkọ rere sàn ju wúrà lọ, orúkọ tirẹ̀ sì ni pé kò sí ariwo tí Egamberdi kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tó ní nìyẹn. Kò ní mọ́tò, kò ní ọmọ, irun orí rẹ̀ pàápàá kò pọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé Salomat fi di ìtàn.

Opó ni Salomat, àjà kẹrin lókè pátápátá ló ń gbé pẹ̀lú Hulkar, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Hulkar. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, àwọn obìnrin ìdílé kan tó rí jájẹ wá tọrọ Hulkar fún ọmọkùnrin wọn. Hosiyat, ìyá àgbà ìdílé náà, ló ṣáájú wọn, obìnrin tó jẹ́ pé bí ó bá wọlé, àga á mọ̀. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, ó ní ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ó ku kí ó fi ìwé sílẹ̀. "Ìyàwó ilé wa kì í lọ sí ilé ìwé. Ó máa ń se tíì kí ilẹ̀ tó mọ́ ni." Salomat gbà. Ó ní bí Nawruz, ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, bá kọjá, kí wọ́n padà wá bu búrẹ́dì. Bí àgbà ìdílé méjèèjì bá ti jọ bu búrẹ́dì kan sí méjì lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ti parí, ọmọ ti di ìyàwó.

Kò sí ẹni tó bi Hulkar léèrè. Ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Andijon ló wà lọ́kàn tirẹ̀, ó sì ti ń kàwé sí i láti ọdún méjì.

Ọjọ́ búrẹ́dì pé. Hosiyat àti àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ méjì jókòó yí oúnjẹ ká. Salomat gbé búrẹ́dì síwájú wọn, ọwọ́ Hosiyat ti wà lórí rẹ̀. Àfi bí ẹnì kan nísàlẹ̀ ṣe ṣí omi láti fọ abọ́. Páìpù ilé ìdáná Salomat bú sígbe. Ó kọ́kọ́ kérora, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kàkà-kàkà-kàkà, àwọn abọ́ orí pẹpẹ sì ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà ti wọ bàtà kí ariwo tó dákẹ́.

"Kí nìyẹn?" Hosiyat ní.

"Páìpù ni, Màmá," Salomat ní. "Páìpù lásán ni."

"Páìpù wà nílé tèmi náà. Kì í bá mi sọ̀rọ̀." Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí búrẹ́dì. "Àlùjànnú ló ń gbé inú ilé yìí. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá, yóò gbé e tẹ̀lé wa wálé."

Salomat bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn Hosiyat ní òun yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun ti gbọ́ nípa Egamberdi, gbogbo Margilon ló ti gbọ́ nípa rẹ̀. Bí Egamberdi bá lè sọ ohun tó ń ké, tó sì pa á lẹ́nu mọ́, páìpù ni, wọn yóò bu búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n bí Egamberdi gan-an kò bá mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé kì í ṣe nǹkan irin, kí Ọlọ́run bá olúkúlùkù ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ Salomat ṣe bọ́ sọ́wọ́ púlọ́mbà. A kò bẹ̀rù rárá. Turdimat ti ń wá ẹni tí yóò yá a ní kóòtù tí yóò wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú, ẹnu Hulkar fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí Egamberdi ti kú. Ìyá rẹ̀ ti lọ yá kápẹ́ẹ̀tì tó dára jù tiwọn lọ. Egamberdi mu tíì rẹ̀, ó gbọ́ ariwo náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín. Ó gun òrùlé lọ ti omi táǹkì, ó sọ̀ kalẹ̀ wá tú irin tí wọ́n ń yí láti dá omi dúró nílé ìdáná. Òkúta kékeré kan jáde bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó ń dán, ó sì dúdú lára bí ohun tí iná ti sè.

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Margilon tí kò mọ òkúta bẹ́ẹ̀. Bí Nawruz bá dé, àwọn obìnrin máa ń fi àlìkámà tó ti hù se súmálàk nínú agbada ńlá, wọn á da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí ó má bàa jó. Bí wọ́n bá ń pín in, ẹni tó bá bá òkúta nínú abọ́ tirẹ̀ ti rí oríire. Yóò tọrọ ohun kan lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò sì ju òkúta náà sínú omi tó ń ṣàn.

Egamberdi gbójú sókè. Hulkar dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ju èyí sínú táǹkì?"

"Èmi ni, bàbá."

"Odò kò sí ní ìlú yìí mọ́?"

"Wọ́n ti omi rẹ̀ láti kó ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Mo wá ro ó pé omi táǹkì náà ń ṣàn."

"Ó ń ṣàn. Sínú ilé ìdáná yín ló ń ṣàn." Ó yí òkúta náà lọ́wọ́. "Kí lo tọrọ?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Pé kí àwọn ènìyàn yẹn má padà wá mọ́."

Egamberdi ní, "Wọ́n tún ń bọ̀ lọ́la. Sọ fún ìyá rẹ."

"Mo ti sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu òun, pé opó tó bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kò sí ẹni tí yóò tún ya ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ó ní àfi bí àwọn fúnra wọn bá kọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bàbá, ìdánwò mi ku oṣù mẹ́rin."

Egamberdi padà sórí àga kékeré náà. Ó ní kí ó bu tíì. Ó mu ún tán, ó ní kí ó tún bù ú. Abọ́ mẹ́ta ló tún mu, ó sì ti mu mẹ́ta ṣáájú. Òkúta náà wà lórí orúnkún rẹ̀.

"Ìdánwò yìí, ṣé wàá yege?"

"Màá yege."

"Gbogbo ọmọ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Egungun mélòó ló wà nínú etí?"

"Mẹ́ta. Ọ̀kan rí bí òòlù, ọ̀kan rí bí owú alágbẹ̀dẹ, ọ̀kan rí bí ohun tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì ẹṣin."

Egamberdi fi ọwọ́ kan etí rẹ̀. "Òòlù wà nínú ibí yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, bàbá. Ohùn ló máa ń jẹ́ kó lu owú, òun la fi ń gbọ́ràn."

Hulkar ní inú bàbá náà dùn débi pé ojú rẹ̀ pọ́n. Ó tún ara rẹ̀ ṣe kíá. "Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ mọ̀ ọ́n ni." Ó dìde, ó dá òkúta náà padà sínú irin, ó fi sípánà dè é le. Ó gun òrùlé lọ ṣí omi. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ọmọ náà lọ kàwé rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ilé wà lórí àtẹ̀gùn. Hosiyat jókòó síwájú búrẹ́dì, kápẹ́ẹ̀tì àyálò wà lábẹ́ rẹ̀. Egamberdi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ kírun Iléyá. Ẹnì kan ṣí omi nísàlẹ̀. Páìpù bú sígbe.

"Egamberdi," ìyá àgbà náà ní, "ìwọ tí wọ́n ní o mọ̀. Kí ló ń ké nínú ilé yìí?"

Egamberdi bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ohun tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó jọ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ó sì mọ iye tó jẹ́.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

"Kí ló wí?" Turdimat bi wá láti orí àtẹ̀gùn.

"Ó ní òun ò mọ̀."

"Ta ni ò mọ̀?"

"Egamberdi."

"Ẹ má purọ́ mọ́ ọn!" Turdimat ní, inú sì bí i gan-an.

Hosiyat ti dìde. "Bí èyí kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe irin," ó ní, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan fi ìkánjú wọ sálúbàtà Salomat lọ sílé, kò sì padà wá pààrọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Salomat kò sunkún. Ó rìn lọ bá Egamberdi nílé ìdáná. "O ṣeun o," ó ní. "Àgbò mọ́ ọ lójú, ìjà tọkọtaya mọ́ ọ lójú. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi nìkan ni kò mọ́ ọ lójú. Páìpù nà ọ́, Egamberdi! Páìpù nà ọ́ lójú gbogbo ayé!" Orúkọ náà bá a lọ láti ọjọ́ náà. Ẹni Tí Páìpù Nà.

Wàyí o, kò ṣeé ṣe kí a fi àlùjànnú sílẹ̀ nínú ilé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Salomat pe Ààfáà Nizomiddin kó wá ṣàdúrà. Egamberdi ní òun yóò bá wọn ti omi, kí ariwo má bàa dí àdúrà lọ́wọ́. Bí Ààfáà ti ń ka Yásíìn nínú yàrá, Egamberdi wà nílé ìdáná, ó yọ òkúta náà, ó jù ú sápò. Ariwo dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Òkìkí Ààfáà kàn dé ìlú Fẹ́gánà.

A ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí, èyí dùn ún ju orúkọ tí Salomat sọ ọ́ lọ. Ní ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń jẹ ìrẹsì, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ bí Ààfáà ṣe fi àdúrà tún páìpù ṣe?" Egamberdi á máa jẹ ìrẹsì tirẹ̀. Oyniso ní bí àwọn bá délé, ọkọ òun á bá ògiri sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Kò pẹ́ tí Ààfáà fúnra rẹ̀ fi wá bá a, ó sì wo ẹ̀yìn kí ó tó wọlé.

"Egamberdi, wọ́n ti pè mí sí páìpù nílé mẹ́fà."

"Ẹ kú oríire, Ààfáà."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ka Yásíìn lẹ́ẹ̀mẹta nílé oníbúrẹ́dì, páìpù ń súfèé tẹ̀lé mi ni. Jọ̀ọ́, bá mi lọ. Sọ pé ìwọ lò ń bá mi gbé kẹ́tùrù."

"Èmi? Kí n gbé kẹ́tùrù?"

"Ṣé tíì ò wù ọ́ mọ́ ni?"

Ọdún méjì ni wọ́n fi jọ ń rìn bẹ́ẹ̀. Ààfáà á máa ṣàdúrà nínú yàrá, Egamberdi á máa pààrọ̀ rọ́bà nílé ìdáná, bí páìpù bá sì dákẹ́, àwọn onílé á wá bọ Ààfáà lọ́wọ́. Olóòótọ́ ènìyàn ni Ààfáà. Ó máa ń ní, "Ẹ kí Egamberdi náà." Wọn á yíjú sí i, wọn á ní, "Bàbá, ẹ kú gbígbé kẹ́tùrù."

Hulkar yege. Ó lọ sí Andijon, ó padà wá di agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn wa. Ó ti gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré lórí àtẹ̀gùn wa báyìí. Ọkọ tó wù ú ló fẹ́, nígbà tó wù ú, Salomat sì fẹ́ràn ọkọ náà ju ọmọ tó bí lọ. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá pàdé Egamberdi lórí àtẹ̀gùn, kò lè ṣe kó má sọ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹni Tí Páìpù Nà."

"Ó nà mí lóòótọ́, Ìyá Hulkar. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Hulkar sọ pé òun fẹ́ sọ òtítọ́ láìmọye ìgbà. Bàbá náà ló ń dá òun lẹ́kun. Ó ní bí Hosiyat bá gbọ́, á ní Salomat ló fi ẹ̀tàn lé àwọn. Lẹ́yìn tí Hosiyat kú, ó ní àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà. Lẹ́yìn náà ó ní ó ti pẹ́ jù, pé Ààfáà ti darúgbó, kí wọ́n má já a sí ìhòòhò.

Egamberdi kú ní ìgbà òtútù tó kọjá, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, lórí ibùsùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sin ín. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, a ṣe fídáù rẹ̀ nílé Oyniso, àwọn ọkùnrin wà níta pẹ̀lú Ààfáà, àwọn obìnrin wà nínú yàrá. Ìtàn ni a ń sọ. A sọ ti àgbò, a sọ ti omi tó dé kókósẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa. Salomat, ẹni àádọ́rin ọdún, nu ojú rẹ̀. "Ẹni Tí Páìpù Nà," ó ní. "Ó ti lọ síbi tí páìpù kò sí. Ara á tù ú."

Hulkar ń gbé àwo ìrẹsì kiri. Ó gbé àwo náà kalẹ̀.

"Màmá mi, ó mọ̀."

"Kí ló mọ̀?"

Ó wá sọ ọ́ látòkè délẹ̀ níbẹ̀, lórí ìdúró. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún mọ́kàndínlógún ni tiwa. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó jẹun. Nígbà tó dé ibi tí Egamberdi ti dá òkúta padà sínú irin, obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń bú u," Salomat ní. "Ojoojúmọ́! Ó sì ń bi mí bóyá mo jí dáadáa." Ó yíjú sí Oyniso. "Ìwọ mọ̀ ọ́n?"

Oyniso mi orí pé rárá. "Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi wà nílé rẹ̀. Mo rò pé gbogbo irọ́ rẹ̀ pátá ni mo mọ̀."

Salomat dìde, kò dúró wọ bàtà. Ó jáde sáàárín àwọn ọkùnrin níbi tí obìnrin kì í dé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó dúró níwájú Ààfáà, ó sì pariwo débi pé wọ́n gbọ́ ọ lójú títì.

"Ẹ gbọ́ o! Egamberdi mọ̀! Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ̀ ọ́n! Ẹ sọ fún gbogbo ayé pé mo ní kò sí páìpù tó nà án!"

"Alhamdulilahi," Ààfáà ní. Ó ti di arúgbó gan-an, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Turdimat bọ́ fìlà rẹ̀. Salomat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, a kò sì rọ̀ ọ́ pé kó dákẹ́. Ó yẹ kí Egamberdi ti gbọ́ ọ kí ó tó kú. A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, yẹ̀yẹ́ nìkan la sì fi ń sọ ọ́ fún un.